Kátapílà Wọ Igbó Bàbá Wa

Ọjọ́ tí màmá tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ wa pè mí lórí fóònù, ọmọ tuntun ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ni. Ìlọrin ni mo wà, nílé ọmọbìnrin mi, mò ń fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá, mò ń wẹ ọmọ. Màmá náà kò kí mi títí bó ṣe máa ń kí mi. Ó kàn ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ máa bọ̀ ní Ìgbẹmọ. Wọ́n ń gé igbó bàbá yín. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ẹ mọ̀ sí i."

Mo ní, "Igbó wo?"

Ó ní, "Èwo ni mo tún máa sọ? Ti etí odò. Ìnnà lillàhi, Àǹtí, ẹ máa bọ̀."

Mo gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ jáde.

Tíṣà ni mí ní Adó-Èkìtì, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni, Òkè-Ìlá ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi fi oko sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwa méjì péré tí ìyá wa bí. Oko náà wà lẹ́yìn Ìgbẹmọ, ìrìn bíi ogún ìṣẹ́jú sí ibi tí ọ̀kadà máa ń já wa sí. Ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lókè ni bàbá mi ti ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni odò kékeré kan ti ń ṣàn, lẹ́yìn odò ni àkùrọ̀ wà, ilẹ̀ olómi tí à ń gbin ìrẹsì sí. Igbó ló wà lẹ́bàá odò náà lọ́tùn-ún lósì. "Ugbó" là ń pè é nílé, ní ohùn Èkìtì tiwa.

Kì í ṣe igbó òrìṣà o. Kò sí ẹni tó ń bọ nǹkan kan níbẹ̀, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi títí ó fi kú. Igbó tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ibẹ̀ la ti ń gé ọ̀pá tí iṣu ń fà gùn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń já ewé gbòdògì tó fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín tà. Wọ̀rọ̀wọ́ ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. A ń ṣa ìgbín níbẹ̀ nígbà òjò. Ìrókò méjì ló wà níbẹ̀, afàrà wà, ayùnrẹ́ pọ̀ bí nǹkan míì, agbálùmọ̀ kan sì wà tí kò sí ọmọ Ìgbẹmọ kan tó gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé tí kò sọ òkò lù ú rí.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù àdá. Ó gé igi púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, òun ló fi kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń dúró sí. Bó bá ń ro oko bọ̀ láti òkè, bó bá ti ku bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí omi, á nu àdá, á lọ jókòó. Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé tí a kì í ro ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti òkè lọ.

Ó ní, "Ṣé o rí bí ilẹ̀ yìí ṣe dà? Tí mo bá ro ó dé omi, òjò méjì péré, ẹ ò ní rí ilẹ̀ dúdú tí ò ń sọ yìí mọ́. Inú àkùrọ̀ lẹ ti máa lọ wá a."

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí òun ló gbé kèrègbè omi fún bàbá wa.

Iṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó máa ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lọ sí oko ni. Oko ò wù ú nígbà tí bàbá wa wà láyé, ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló wá di àgbẹ̀, ó sì fi ìwé àti rúlà ṣe é. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Adó, ó gbé bébà kan síwájú mi tó ti ya àwòrán oko náà sí. Ó ní àwọn kan ń wá ẹ̀gẹ́ rà fún ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe gààrí, ilẹ̀ tó jẹ́ odindi ni wọ́n sì fẹ́, kí katakata lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìkọ lu kùkùté.

Ó ní, "Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n ro ó lọ́dún yìí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ro ó, Bùọ̀dá mi. Ilẹ̀ yẹn ti ń jókòó lásán jù."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Oko òkè, tí koríko ti bò láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ni mo ní lọ́kàn. Mi ò bi í pé, "Dé ibo?" Mi ò wo àwòrán náà dáadáa. Ebi ń pa mí, mò ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé ìdáná, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Apá kan nínú ìbínú tí mò ń sọ yìí, èmi fúnra mi ni mò ń bínú sí.

Nígbà tí mo dé oko láti Ìlọrin, ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ibi tó máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, oòrùn ti dúró sí i gbagada bíi pé wọ́n ṣí òrùlé ilé. Ilẹ̀ pupa ló kù. Àwọn igi ò sí níbi tí wọ́n ti wó, kátapílà ti tì wọ́n sínú odò. Ayùnrẹ́ lórí ayùnrẹ́, gbòǹgbò lókè, ewé nísàlẹ̀, omi ń wá ibi tó máa gbà lábẹ́ wọn. Gbòdògì ti di ẹrẹ̀. Ìkarahun ìgbín fọ́ káàkiri bí àwo tí wọ́n fọ́ níbi ìjà. Àwọn ìrókò méjèèjì ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Àwọn agégẹdú ti là wọ́n, wọ́n ti kó wọn lọ, lẹ́búlẹ́bú pákó nìkan ni mo bá.

Ẹni tó ń wa kátapílà náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Òjìji kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo ibẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ta ló ní kí o dé ibí?"

Ó dìde, ó nu ẹnu. "Bàbá tó gbé iṣẹ́ fún mi ni, mà. Wọ́n ní kí n lọ títí dé omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi wọ́n, mà."

"O bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ẹ̀rọ lè rì. Wọ́n ní kí n ṣáà ṣe é."

Mi ò lè bá a jà. Mo yí padà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, mi ò fọ ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ohùn wa. Nílé wa ní Èkìtì, "ìwọ" là ń pe àgbà, "ìwọ" là ń pe ọmọdé, ó sì mọ́ wa lára, kò sí ẹni tó ń kà á sí àrífín. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé, a ti gbé láàárín àwọn ará ibòmíràn, láti ìgbà tó sì ti fẹ́ ìyàwó láti Ìbàdàn ni mo ti ń pè é ní "ẹ̀yin". Lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ rẹ̀, tí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń ya àwòrán sí kápẹ́ẹ̀tì, ohùn ulé ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìwọ lo ní kí wọ́n ti igi sínú odò?"

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Ẹ̀ẹ̀! Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń pè ní ìwọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n jẹ́ kí wọ́n ro ó?"

"Oko ni mo ní kí ẹ ro. Mi ò ní kí ẹ ro odò."

"Ṣé o ti wọn ilẹ̀ tí igbó yẹn gbà rí? Èmi wọ̀n ọ́n. Ṣé o mọ ẹbè ẹ̀gẹ́ tó máa wọ ibẹ̀? Igbó tí kì í so nǹkan kan!"

"Ta ló sọ fún yín pé kì í so nǹkan kan? Ewé tí ìyá wa fi pọ́n mọ́ínmọ́ín tó fi rán wa ní ilé ìwé, ibo ló ti já a? Ìwé tí ẹ fi ń wọn ilẹ̀ yìí, kí ni wọ́n fi kọ́ yín?"

"Ọ̀rá ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín báyìí."

"Àwọn ìrókò ńkọ́?"

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Àwọn la fi san owó kátapílà."

Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, "Wò ó, nítorí igi lo ṣe ń sunkún."

Mi ò sunkún. Bí inú bá ń bí mi, omi máa ń dà lójú mi, láti kékeré ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sábà máa ń fà á. Mo jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ìgbálẹ̀ àti omi, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kápẹ́ẹ̀tì kí n tó dé ẹnu géètì.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀gẹ́ náà ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ pa á mọ́. Ilẹ̀ dúdú etí odò náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ sì tóbi bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé èyí tó tóbi jù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè, ó tò ó síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ìkórè ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀ gidi. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, mo di ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan. Ó fi gààrí àpò kan ránṣẹ́ sí mi. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Ó funfun, ó sì gbẹ dáadáa, mo sì ń bínú bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn obìnrin tó ń já ewé ṣì ń wá. Wọ́n máa ń yọ lókè oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan tó bá ìyá mi já ewé nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, bi mí pé, "Kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀?" Mo ní ẹ̀gẹ́ ni. Ó wo ẹ̀gẹ́ náà, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ò wọ́n ní Ìgbẹmọ." Kò bú mi. Ó kàn yí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí apá kejì, ó ń lọ. Ì bá dára kó bú mi.

Ọdún kejì ni òjò ńlá wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọ̀, ó ń dáwọ́ dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Màmá onírẹsì pè mí. Bí mo ṣe ń kúrò ní ilé ìwé, mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi kọjá, mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Nígbà tí a dé oko, mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ.

Odò náà kò rí ọ̀nà gbà. Igi tí wọ́n tì sínú rẹ̀ ti dí i, ó wá yà bàrà sínú àkùrọ̀, ó sì kó ilẹ̀ tó ṣàn láti orí ẹbè wa dání. Ìrẹsì màmá náà ti ń yọ orí. Ó kù díẹ̀ kó gbó. Iyanrìn àti ilẹ̀ pupa ti bò ó dé ọrùn, àwọn orí ìrẹsì kan ṣoṣo ló ń yọjú níbì kan àti níbì kan, bí irun orí ẹni tí wọ́n sin láàyè.

Opó káfíńtà kan ni màmá yìí. Bàbá mi ló fún un láyè ní àkùrọ̀ náà lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó sì ti ń gbin ìrẹsì níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó ń mú wa rìn láti ìkángun kan dé èkejì, kò pariwo, ó kàn ń nawọ́ sí i. "Ibí ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ibí ni irúgbìn tuntun wà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù. Gbogbo ibi ló ṣe bẹ́ẹ̀."

Màmá náà dúró. "Bàbá, ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń gbin ìrẹsì níbí. Òjò tó ju èyí lọ ti rọ̀ lójú mi. Omi máa ń wọlé, ó sì máa ń jáde. Kò gbé ilẹ̀ dání wá rí."

"Ó dáa, màmá, màá fún yín ní ajílẹ̀ àpò méjì."

"Ẹ ṣé o. Tí mo bá dà á sórí iyanrìn yìí, kí ló máa bọ́?"

Ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Inú ń bí mi. Mo fi ọwọ́ bu iyanrìn náà, mo ju ú sí odò. Ìwà ọmọdé ni. Mo mọ̀.

Màmá náà ò gbin nǹkan kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìrẹsì àwọn ẹlòmíràn ló ń rù lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì, obìnrin tó ti dàgbà tó yẹn, àpò lórí, ìbòrí rẹ̀ tí òógùn ti mú lẹ̀ mọ́ ọrùn. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, mo sì bá a gbé e. Kò gbà kí n bẹ òun. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé e wá."

Nígbà tí àkókò gbígbìn tún dé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn lébìrà kọ ẹbè títí dé omi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló sọ fún mi. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ra okùn ní ọjà ní Adó, mo gbé àdá, mo lọ. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí apá ibẹ̀ kí n tó dé. Mo dúró sí etí omi, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ka àádọ́ta ìṣísẹ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń dá a sí, mo gún igi mọ́lẹ̀, mo so okùn mọ́ ọn, mo ń fà á lọ láti ìkángun dé ìkángun. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi ẹ̀gẹ́ tu. Bí mo bá fa ọ̀kan, mo jù ú sókè okùn. Àwọn lébìrà dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo wo ojú rẹ̀ ó dákẹ́.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kadà ló gbé e dé. "O ti ya wèrè?"

"Ẹ máa pè mí ní wèrè. Ẹ má ṣáà kọjá okùn yìí."

"Ilẹ̀ èmi nìkan kọ́ ni, ti ìwọ nìkan kọ́ ni!"

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ kọjá."

Àbúrò bàbá wa ló parí ẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá bàbá mi, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Ìgbẹmọ ló ń gbé. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun wá sí oko. Kò jókòó. Ó ní kí n mú òun lọ sí etí omi. Ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú odò, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Omi yìí gbóná."

Ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á nù.

"Omi yìí ò gbóná rí. Èmi àti bàbá yín la jọ ń wẹ̀ níbí, ọ̀sán gangan, eyín wa á máa gbọ̀n." Ó yọ ẹsẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, gbin ẹ̀gẹ́ rẹ lókè. Gbìn ín dáadáa, mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ìwọ tíṣà, láti ibi okùn dé omi di tìẹ. Ṣùgbọ́n o ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀ kó máa wò wá o. Kí n gbọ́ ohun tí ò ń ṣe síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, àádọ́ta ìṣísẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi kà á?"

"Tèmi ni," ni mo wí.

"Ẹsẹ̀ obìnrin kúrú. Ó ti rẹ́ ọ jẹ díẹ̀ ni." Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé.

Èmi rò pé bí mo bá ti gba ilẹ̀ náà, igbó á padà fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Koríko olódòdó yẹ́lò tó gba gbogbo etí ọ̀nà kan láti Adó ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ga jù mí lọ láàárín oṣù díẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń bá a jà. Mo háyà àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ agégi gé àwọn igi inú odò wẹ́wẹ́, a sì fà wọ́n jáde títí omi fi rí ọ̀nà. Mo gbọ́ pé gbòdògì ṣì wà ní Ìgèdè, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sì mú mi lọ sí oko ìyá rẹ̀. Wọ́n hú àpò méjì fún mi. Mo gbìn ín sí etí odò, mo ń bu omi rin ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbogbo rẹ̀ ti jóná. Abẹ́ igi ló ń gbé, kò sì sí igi. Mo jókòó sórí kùkùté kan, mo bú ẹ̀gbọ́n mi, mo bú kátapílà, mo bú ara mi. Èmi ọmọ aléwé, mi ò rò ó pé ewé ń fẹ́ òjìji.

Màmá onírẹsì ló sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ó ní, "Òun á ṣíji bò ó, ẹ ó sì rí nǹkan jẹ." Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ní ìtòsí okùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, mo sì ń tà nínú rẹ̀. Ní ìtòsí omi, mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igi. Àwọn kùkùté ayùnrẹ́ ti rúwé, wọ́n ti ju òrùlé àtíbàbà lọ. Afàrà kéékèèké mẹ́rin ló hù fúnra wọn. Mo gbin agbálùmọ̀ mẹ́ta. Ìrókò, mo rí ọ̀kan gbìn, ó ga dé orúnkún mi. Mo bi ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa igi pé ìgbà wo ló máa tó èyí tí wọ́n gé. Ó wo irun funfun orí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Gbòdògì ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí mo gbìn sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mú. Kò tíì tó já.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn kan wá láti ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oko, wọ́n ń rìn yí ká oko àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú wọn wá. Mò ń ro lọ́wọ́ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn ò tètè rí mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ṣàlàyé pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì dídùn pé oúnjẹ ṣe pàtàkì, igbó náà ṣe pàtàkì, àgbẹ̀ tó bá gbọ́n kì í ro ilẹ̀ dé etí omi. Lẹ́yìn náà ló yí i sí Yorùbá fún àwọn tó kù. "Èyí ni bèbè odò tí a dá sí."

Mo jáde sí wọn, àdá lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé itan.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Wọn ò dá a sí. Wọ́n fi kátapílà ti gbogbo rẹ̀ sínú odò, wọ́n sì ta ìrókò rẹ̀. Èyí tí ẹ̀ ń rí yìí, èmi ni mo gbìn ín, mo ṣì ń gbìn ín. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá igbó sí, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi yìí bí wọ́n ṣe gé e."

Àwọn àlejò náà wo ilẹ̀. Obìnrin kan láàárín wọn tó mú ìwé dání dá kíkọ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi nìyẹn, ó fẹ́ràn àwàdà." Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì lẹ́yìn náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ ẹni tó jókòó tì mí lọ́wọ́, á fò mí. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Ìlá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dójú tì í." Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bẹ màmá onírẹsì, tí màmá bá ti fọwọ́ sí i, èmi náà á wá kúnlẹ̀. Kò tíì lọ.

Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò rí bíi ti ọdún àkọ́kọ́ mọ́. Ní apá ìsàlẹ̀ tó wà nítòsí okùn, ilẹ̀ ti ṣí, òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ, ajílẹ̀ ló fi ń gbé e dúró. Inú mi ò dùn sí i. Ilẹ̀ bàbá mi náà ni. Màmá onírẹsì ti padà sínú àkùrọ̀, ó kó iyanrìn kúrò ní ìdajì rẹ̀, ó sì kórè ìrẹsì díẹ̀. Ìdajì tó kù, ó ní òun ò ní agbára rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi. Ó ní, "Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ṣé o lè fún mi ní bíi ogún? Mo fẹ́ gbìn wọ́n sí ìsàlẹ̀ yẹn, kó lè di ilẹ̀ mú."

Mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Wọ́n pọ̀. Ẹ wá hú u fúnra yín, Sátidé, kí oòrùn tó mú. Ẹ má wọ bàtà tó dáa wá."

Ó ní òun gbọ́. Sátidé ti kọjá, kò wá. Mo ya àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún un lábẹ́ ayùnrẹ́, mo fi koríko tútù bò wọ́n. Mo sì tún bínú sí i bí mo ṣe ń bò wọ́n.